Ọ̀nà Inú Oko Bálì

"Kò sí ọ̀nà kankan níbí mọ́. Ẹ padà, kí ẹ gba ojú títì."

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ náà dúró sẹ́nu géètì, ó ká apá mọ́ àyà. Fenwick ni orúkọ rẹ̀, ọdún tó kọjá ló ra oko náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkà bálì ti ga dé ìbàdí, ó bo òkè tó wà níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ.

Àwọn mọ́kànlá tí wọ́n ti ń rìn láti àárọ̀ wo ojú Enid Thackray, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ń ṣáájú wọn. Oṣù méje rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, òní ló sì kọ́kọ́ padà sẹ́nu ìrìn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn, tó máa ń rìn nígbèríko lóṣooṣù, ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kó fi ipò aṣáájú sílẹ̀ fún Desmond, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì.

"Enid, ẹ jẹ́ ká padà jàre," ni Desmond wí. "Máìlì mẹ́ta péré ni."

"Máìlì mẹ́ta lójú títì, lórí orúnkún tèmi yìí? Ṣé ẹ máa pọ̀n mí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Enid kọjú sí Fenwick.

"Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà ládùúgbò yìí. Inú oko yìí ni mò ń gbà lọ sí abúlé Hollinthwaite, òjò ni o, yìnyín ni o. Ọ̀nà gbogbo ayé ni, òfin ò gbà kí ẹni tó ra oko dí i." Ó tẹ́ máàpù sórí géètì, ó nàka sí i. "Òun rèé."

"Ẹ máa ba ọkà mi jẹ́!"

"Ẹ̀yin lẹ gbìn ín sójú ọ̀nà. A ò ní tẹ̀ ju ibi tó gba ẹnì kan lọ. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ pe agbẹjọ́rò yín."

Fenwick bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ ẹnì kan láago. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́ ọ tó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Nígbà tó padà dé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí géètì.

"Ẹ rọra rìn o, ẹ jọ̀ọ́."

Enid wọlé, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ la ọkà sọ́tùn-ún sósì. Àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń gun òkè ni orúnkún ń ta á, àmọ́ kò dúró, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lápá mú.

Lókè pátápátá, níbi ògiri olókùúta, ó yíjú padà. Ọ̀nà tín-ín-rín kan ti là láàárín ọkà, ó tọ́ gbọnrangandan láti géètì dé ẹsẹ̀ wọn. Fenwick ṣì dúró nísàlẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Desmond da tíì sínú ife, ó sì kọ́kọ́ gbé e fún un.

"Ìrìn oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ibí náà la máa gbà," ni Enid dáhùn. "Kó má baà dí."