Eruku Ilé Ẹ̀rọ Alfred

Ní 1957, èmi ni mò ń tọ́jú awò ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlá. Awò náà ń sọ ohun bíńtín di ńlá. Ìlà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, bíi ti rúlà. Òun la fi ń wọn ohun tí ojú lásán kò rí.

Tinúadé máa ń wá gba oògùn ikọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ tí Alfred fi ń lọ èlùbọ́. Yàrá kan, ilẹ̀kùn kan, kò sí fèrèsé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń jáde bí àmàlà tí kò jinná. Mo bẹ Alfred pé kó la fèrèsé. Ó ní atẹ́gùn yóò gbé èlùbọ́ oníbàárà lọ.

Mo kọ̀wé sí ìjọba ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹnìkan yóò wá ka eruku inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, tipátipá ni Alfred yóò la fèrèsé.

Olúsọjí ni wọ́n rán wá. Ẹ̀rọ idẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí bíi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́. Bó bá fà á, afẹ́fẹ́ á wọlé, á lu gíláàsì kékeré tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. A ó wá kà á lábẹ́ awò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a gbé awò dé ilé ẹ̀rọ, ilẹ̀ tutù. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti wọ́n omi sí i.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wolé-wolé," ni Alfred wí. "Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, ká lè gbọ́ ohùn ara wa."

Wolé-wolé là ń pe àwọn tí ìjọba ń rán wá wo ìdọ̀tí ilé. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí, ó di kóòtù.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ," mo sọ fún Olúsọjí.

"Mo gbọ́dọ̀ dé Ọ̀rà kí oòrùn tó mú."

Ó fa ẹ̀rọ idẹ náà lẹ́ẹ̀mejì. A kà á: mọ́kànlá.

"Ibí yìí mọ́ ju ọ́fíìsì mi lọ," ó ní. Ó buwọ́ lùwé, ó lọ.

Tinúadé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ rí?"

"Mọ́kànlá."

"Ṣé ó kéré?"

"Ó kéré."

Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ìdájí ni mo ti ń gbá a. Wolé-wolé ò rí nǹkan kan bá mi wí."

Ikọ́ gba ìyókù ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò sọ fún un pé fèrèsé rẹ̀ ló gbá dànù.

Lọ́jọ́ kejì, mo pa gọ́ọ̀mù sí gíláàsì kan, mo gbé e sínú yàrá náà fún wákàtí kan nígbà tí ẹ̀rọ ń ké. Mo kà á dé ẹgbẹ̀ta, mo ṣíwọ́. Èlùbọ́ ló pọ̀ jù. Ẹ̀rún irin ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, etí wọn mú bí èéfọ́ ìgò. Irun ẹsẹ̀ aáyán wà níbẹ̀.

Mo mú gíláàsì náà tọ Alfred lọ.

"Ẹ wò ó. Ohun tí Tinúadé ń fà símú nìyí."

"Ìbàdàn ti buwọ́ lù ú, Dókítà Onígíláàsì. Ìwọ tún ta ni?"

Ó fi àtàǹpàkò nu gíláàsì náà. Ó lá àtàǹpàkò ọ̀hún mọ́ fónífóní.

"Èlùbọ́ ni. Ta ni èlùbọ́ pa rí?"

Nínú yàrá, Tinúadé ń húkọ́. Alfred nawọ́ sí mi kí a bọwọ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Itọ́ ṣì wà lára àtàǹpàkò náà. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa.

Mi ò gba ọwọ́ rẹ̀.