Àga Tí A Fi Lọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Motọ́lání fúnra rẹ̀ ló dìde. Kò sẹ́ni tó tì í, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Nínú kíláàsì kan tí wọ́n yá ní Àgùdà ni ìpàdé náà ti wáyé. Gbogbo àwọn tó ká ẹsẹ̀ kò sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé lọ́jọ́ náà ló ti ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí Káàdì láti ọdún mélòó kan. Káàdì ni ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì lò ó láì tọrọ àṣẹ, láì san kọ́bọ̀. Motọ́lání ló kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé ní Yaba. Òun náà ló sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú: àtúnṣe yòówù kí ẹnikẹ́ni ṣe, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìgbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n àwọn àjọ ńláńlá ti ń sọ pé àwọn ò lè bá agbo tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ṣe pọ̀. Ó di dandan kí wọ́n di ẹgbẹ́. Motọ́lání ló jókòó kọ ìwé òfin. Obìnrin tó kórìíra ìfiṣòfò ni, ó sì ti rí iṣẹ́ jákujàku tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nítorí náà ó fi òfin kan síbẹ̀ tó le bí òkúta: láìsí ìfọwọ́sí alága, àtúnṣe kankan kò gbọdọ̀ jáde. Ara rẹ̀ ló ń rò bó ṣe ń kọ ọ́. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé òun ni yóò jẹ́ alága.

Ẹ̀gbọ́n Ògúntádé ló wá kù. Ọkùnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì, orí rẹ̀ ti funfun, kò sì kọ ìlà kan rí nínú Káàdì. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni iṣẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, a kì í fi àgbà sílẹ̀ ká máa yan ọmọdé sórí àga bí ẹni pé a ò rí i. Motọ́lání mọ ohun tó yẹ: òun yóò fi àga lọ̀ Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹ̀yin ọmọ lẹ ni iṣẹ́ yín, yóò súre, yóò sì dá a padà. Bí a bá ń jẹun tí àlejò wọlé, a ó ní kó wá bá wa jẹ. Òun náà á sì ní á gba ibi ire. Ta ló ń retí kí àlejò fa àwo sọ́dọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n wa wà níbí," ni Motọ́lání wí, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀. "Èmi ò rí ẹlòmíràn tó yẹ kó jẹ́ alága wa."

Ẹ̀gbọ́n Ògúntádé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Mo gbà," ni ó wí. "Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Motọ́lání. Haleemah, agbẹ̀bí láti Mushin tó wá ṣojú àwọn ilé ìgbẹ̀bí, rò pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ló bá pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Láyí, tí òun àti Motọ́lání jọ máa ń kọ kóòdù, rọra sọ sí i létí pé, "Àǹtí mi, ẹ ní kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tàwotàwo o."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Motọ́lání dáhùn. Òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Haleemah pè é lórí fóònù.

"Motọ́lání, Káàdì yín ti sọ ìbejì di ẹyọ kan o."

"Báwo, Àǹtí?"

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ yìí. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà: ó ní ẹ̀ẹ̀mejì la kọ ọmọ kan, ló bá pa wọ́n pọ̀. Mo fún Táíwò lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní Kẹ́hìndé náà ti gbà. Bí kì í bá ṣe pé mo mọ ìyá wọn, mi ò bá ti ní kó máa gbé èkejì lọ sílé. Àbí ilé yín ni wọn kì í ti í bí ìbejì?"

Ojú ti Motọ́lání. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló kọ àtúnṣe náà kó lè pa àkọsílẹ̀ àkọtúnkọ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sí lọ́wọ́ sì fọwọ́ sí i láì wò ó. Kí ìrẹsì tó wà lórí iná tó jinná, Motọ́lání ti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ó ti fi ránṣẹ́ sí alága. Ó retí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bá gbéra, ó di ilé Ẹ̀gbọ́n ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Ẹ̀gbọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé mọ́ọ̀tì tútù fún un.

"Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́, àbúrò mi. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa máa jókòó lé e lórí ní ìparí oṣù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ń gba abẹ́rẹ́. Ẹ kàn fọwọ́ sí i ni."

"Mo fọwọ́ sí ti ìjẹta láì wò ó, ẹ̀ ń bú mi. Mo ti kọ́gbọ́n."

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó nísinsìnyí."

"Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ náà lo tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwé òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo kà á dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà."

"Mo mọ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Mu mọ́ọ̀tì rẹ."

Motọ́lání ò mu ún. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn yóò ṣe ẹ̀dà tiwọn, ó ṣáà wà ní gbangba. Ẹ̀gbọ́n ní kó lọ ṣe é.

Òun àti Láyí sì ṣe é. Wọ́n da Káàdì kọ, wọ́n fi àtúnṣe sí i, wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí pé kí wọ́n gba tuntun. Lọ́jọ́ kejì ni iṣẹ́ alága tẹ̀ lé tiwọn dé orí fóònù àwọn agbẹ̀bí: "Ayédèrú Káàdì ti wà níta. Ẹ má ṣe gbà á."

Motọ́lání gbé kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀, ó kọrí sí Mushin. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún ilé dé ẹnu ọ̀nà. Haleemah ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, inú ìwé ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi tuntun sí i. Kò ní pẹ́."

"Ṣé èyí tí alága ní ayédèrú ni?"

"Ẹ mọ̀ mí, Àǹtí. Ọwọ́ mi ni méjèèjì ti wá."

"Mo mọ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò yìí, nǹkan tí wọ́n bá ti pè ní ayédèrú, a kì í fi kan ọmọ ọlọ́mọ. Bí ìjọba bá bi mí léèrè lọ́la, orúkọ ta ni kí n dá? Ìwọ lo gbé àga fún Ẹ̀gbọ́n lójú gbogbo wa."

"Mo kàn fi lọ̀ wọ́n ni!"

"Wọ́n sì gbà á. Ṣé wọ́n á máa wo inú ẹ ni?"

Obìnrin kan tó gbé ìbejì wọlé ló kàn. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn àwọn ọmọ, ojú kan náà ni wọ́n ní. Haleemah fún ọ̀kan lábẹ́rẹ́. Bí ọmọ náà ṣe figbe ta, ó gbé e lé Motọ́lání lọ́wọ́.

"Ẹni tó ti gbà nìyí. Dì í mú dáadáa, kó má dàpọ̀ mọ́ èkejì."

Motọ́lání gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọmọ náà mú títí Haleemah fi parí ti èkejì. Gbogbo iṣẹ́ tó kù fún un nínú Káàdì nìyẹn.