Houlératou Kò Tíì Lè Wọ Odò

Nínú ìletò kékeré tó wà lẹ́yìn Koko, ní ilẹ̀ Bantè, Houlératou nìkan ló mọ̀wẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Etí odò Ouémé ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn apẹja, ó sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán. Nígbà tí Issifou fẹ́ ẹ wá sáàárín àwọn àgbẹ̀ orí òkè, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí odò wà.

Odò wà níbẹ̀. Kò fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni oko iṣu tó dára jù wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń là á kọjá. Bí òjò bá dé, wọ́n á so okùn ńlá kan mọ́ igi ní bèbè méjèèjì, àwọn èèyàn á máa di okùn náà mú rìn nínú omi tó mù wọ́n dé àyà. Ọkọ̀ kò ṣe é lò níbẹ̀ nítorí àpáta. Ọdọọdún ni àgbàrá ń já okùn náà lọ, ọdọọdún sì ni ẹnìkan gbọ́dọ̀ so òmíràn mọ́ ìbàdí, kí ó lúwẹ̀ẹ́ gbé e kọjá. Láti ọdún mẹ́rin, Houlératou ni ẹni náà.

Lọ́dún 1984, òjò àti ọmọ rẹ̀ jọ dé ni. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Savalou ló bí i sí, ọmọbìnrin, lẹ́yìn ìrọbí ọjọ́ méjì. Ọmọ náà tóbi, ó fa ìyá rẹ̀ ya, agbẹ̀bí sì fi abẹ́rẹ́ rán ibi tó ya. Léa ni agbẹ̀bí náà ń jẹ́, ọmọ ẹ̀yà Mahi tó gbọ́ èdè àwọn ará Bantè bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Kí Houlératou tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ìgbà wo ni òun lè padà sínú odò?

Léa rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà tí àwọn lè padà sóko tàbí sọ́jà ni àwọn abiyamọ máa ń bi òun. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé. Ó ní ibi tí olóbi ti já kúrò nínú ilé ọmọ, ojú ọgbẹ́ ni. Títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá pátápátá, tí ibi tí òun rán yóò sì fi jiná, àìsàn lè gba ibẹ̀ wọlé, omi odò kì í sì í ṣe omi mímọ́. Kí ó máa fi omi sísè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí ó má jókòó sínú odò rárá, kí ó sì padà wá lọ́sẹ̀ kẹfà kí òun yẹ̀ ẹ́ wò.

“Bí ara rẹ bá gbóná, tàbí tí ohun tó ń jáde lára rẹ bá ń rùn,” Léa ní, “má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà.”

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ìbímọ, tí Houlératou ti padà sílé, Amidou, olórí ìletò, wá kí ìyá ọmọ. Ó mú iṣu méjì dání. Lẹ́yìn tó ti ṣàdúrà fún ọmọ tán, ó sọ ohun tó bá wá. Àgbàrá ti já okùn. Bí èèyàn bá gba ọ̀nà afárá, ìrìn wákàtí mẹ́ta ni kó tó dé oko, àwọn àgbàlagbà kò lè rìn ín, koríko sì ti ń bo iṣu. Houlératou sọ ohun tí agbẹ̀bí wí fún un. Amidou ní òun ti gbọ́, kì í ṣe tipátipá. Síbẹ̀, bó ṣe ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Nírọ̀lẹ́, Issifou fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n oko tirẹ̀ náà wà ní òdìkejì. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò ní pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń mu ẹ̀kọ tán. Ìyá Issifou, tó ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló ní kí ọmọ òun jókòó.

“O kò béèrè rí ìdí tí o kò fi ní àbúrò.”

Issifou ní òun rò pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni.

Ìyá sọ fún un pé nígbà tó pé ọjọ́ méjìlá láyé, iṣẹ́ pọ̀ nílé, òun sì wọ odò lọ fọ aṣọ, omi mu òun dé ìbàdí láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ibà dé. Oṣù kan gbáko ni òun fi dùbúlẹ̀. Wàrà gbẹ, obìnrin mìíràn ló fún Issifou lọ́mú. Láti ìgbà náà, òun kò lóyún mọ́.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi ló fà á,” ni ìyá wí. “Èmi náà kò lè búra. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyàwó ọmọ mi dán an wò.”

Issifou ní, “Ẹ má bínú, Ìyá,” ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ òun náà.

Lọ́jọ́ kejì, Houlératou pọn ọmọ, ó lọ jókòó sórí òkúta létí odò, kó kàn lè wò ó. Bó ṣe ń wò ó, ó rí ẹ̀ka igi kan tí omi gbé bọ̀. Nígbà tó dé ibi tí odò ti yí kọ́rọ́, omi tì í lọ sí bèbè kejì. Òmíràn tún dé, ibẹ̀ náà ló gbà. Ó dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀, ó ní omi fúnra rẹ̀ lè gbé okùn kọjá.

Issifou lọ tọrọ bídọ́ọ̀nù òfìfo, kẹ́ẹ̀gì oníke tó ń léfòó lórí omi, lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo ní Koko. Wọ́n so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ọkùnrin mẹ́ta gba afárá lọ dúró lódìkejì. Houlératou dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń tọ́ka ibi tí wọ́n á ti jù ú. Ní àkọ́kọ́, ó há sínú àpáta. Ó ní kí wọ́n sún sókè díẹ̀. Ìgbà kẹta ni omi gbé e lọ tààrà, àwọn tó wà lọ́hùn-ún fi igi fà á, wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà fa okùn ńlá. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn èèyàn ti ń kọjá, wọ́n ń kí i. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dùn ún níbẹ̀ pẹ̀lú, pé bídọ́ọ̀nù lásán lè ṣe iṣẹ́ tí òun ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Issifou fi alùpùpù gbé e lọ sí Savalou. Léa ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n ibì kan nínú ibi tí òun rán kò tíì pa pọ̀. Kí ó fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un. Houlératou fẹ́ sunkún. Ó padà sílé, ó fi ọjọ́ mẹ́wàá náà kún un. Nígbà tó padà lọ, Léa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ó ti jiná. Kí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, kí ó sì jáde bí nǹkan bá ń ro ó.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá a gbé ọmọ lọ sétí odò. Omi ti rọlẹ̀ nígbà náà, ó sì tutù. Apá Houlératou kò gbàgbé ohunkóhun, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ rọ̀, kò gbé e mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Kò dé àárín tó fi yí padà.

“Ṣé ó dùn ọ́ níbì kan?” ni ìyá bi í.

“Rárá, Ìyá. Ó kàn rẹ̀ mí ni.”

Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ, ó sún síwájú díẹ̀ sí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dé òdìkejì. Issifou wà níbẹ̀, ó ń wa iṣu. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ tí omi ń ro lára rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun kò tíì jẹ. Issifou dáná, ó sun iṣu kan, wọ́n jókòó jẹ ẹ́ lórí ebè. Houlératou kò jẹ tirẹ̀ tán tí ọmú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun wàrà. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dìde, ó ní ọmọ á ti jí lọ́dọ̀ Ìyá.