Àkàrà Kan Tí Mo Fi Ju Bùnmi Lọ

Rónkẹ́, jọ̀ọ́, má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lálàá pé Màmá gbé àwo àkàrà fún èmi àti Bùnmi àbúrò mi, pé ká fi ṣe sàárà. Tiẹ̀ jẹ́ 2520, tèmi jẹ́ 2521. Inú mi dùn. Ṣebí èmi ni ẹ̀gbọ́n?

Ọmọ méjì wọlé. Wọ́n pín ti Bùnmi, ó dọ́gba. Wọ́n pín tèmi, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Àwo tún kún fúnra rẹ̀, ọmọ mẹ́ta dé, lẹ́yìn náà mẹ́rin, títí dórí mẹ́wàá. Ti Bùnmi ń dọ́gba, tèmi ń ṣẹ́ ku ẹyọ kan ṣáá! Màmá ń yin Bùnmi, “Ọmọ mi tó mọ nǹkan pín!” Inú ń bí mi.

Màmá ní, “Jẹ ẹyọ kan yẹn, tìrẹ náà á dọ́gba.”

Mo kọ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹyọ náà mú pinpin. Tí mo bá jẹ ẹ́, Bùnmi á di ẹgbẹ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí mo jí, mo fi ọwọ́ òsì mú bírò, mo ṣe ìṣirò náà. Òótọ́ ni o! Ebi ń pa mí, Rónkẹ́, ọwọ́ ọ̀tún mi sì ṣì dì pinpin.