Ráàmù Orí Tábìlì Ìgéṣọ

Obìnrin aránṣọ kan, ẹni àádọ́ta ọdún, ni ó jókòó sídìí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nínú ilé tí òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jọ ń gbé. Kì í ṣe aṣọ ni ó tẹ́ síwájú. Kọ̀ǹpútà ni ó ń tò, èyí tí yóò máa fi ṣe géèmù eré ọkọ̀. Nítorí pé nínú ògbólógbòó tí ó ní, bí ọkọ̀ bá ti dé kọ́nà, a dúró gbagidi bí ẹni tí ó rántí ohun tí ó gbàgbé sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Yàrá iwájú ilé ṣófo. Ọ̀gá Aránṣọ, bí wọ́n ti ń pe obìnrin náà, ń fẹ́ ẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tí í ṣe onígbàjámọ̀, ń fẹ́ ẹ fún àga àti dígí ìgẹrun. Ìyá wọn ti dájọ́: bí ẹ̀rọ bá tàn lójú gbogbo ilé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ti ẹ̀gbọ́n ni yàrá, bí kò bá tàn, kí onígbàjámọ̀ gbé dígí rẹ̀ wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni onígbàjámọ̀ máa ń wí bí ó bá ń kọjá, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan ìṣó mọ́ ògiri yẹn o. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé dígí kọ́.”

“Kọ́kọ́ gé irun ẹnìkan kó dọ́gba ná,” ni ẹ̀gbọ́n máa ń dá a lóhùn.

Ọ̀gá Aránṣọ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi í ro imú. Ó sì mọ̀ pé ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí kò bá èkejì mu, irin lásán ni. Nítorí náà, ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ó sì kọ ti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ìyàwó ọ̀sìngín ni. Ti àpótí: “Àyà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélógún. Gígùn inú, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.” Ti káàdì àwòrán, ẹ̀yà tí ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ: “Gígùn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́ta fún ojú rírán.” Ó tilẹ̀ bi ẹni tí ó ta fáànù fún un léèrè bóyá fáànù náà yóò sún kì bí omi bá kàn án.

Níbi ráàmù nìkan ni ó ti kọsẹ̀. Ráàmù ni ẹ̀yà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Inú ihò tóóró kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, ni a sì ń tì í bọ̀. Ẹni tí ó tà á ti bi í pé, “Ìyá wa, ìran kẹrin ni àbí ìran karùn-ún?”

“Ṣé mo fẹ́ fi ọmọ fún un ni, tí n óò fi máa wádìí ìran rẹ̀?” ni ó fi dá a lóhùn. “Èyí tó bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá àti díẹ̀ ni kí o fún mi.”

Ìran kẹrin ni ó gbé wálé. Ìran karùn-ún sì ni mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ń gbà. Gígùn àwọn méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹnu kékeré tí a gé sí ìdí wọn kò sí lójú kan náà. Ó tì í, kò wọlé. Ó yí i padà, kò wọlé. Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí a ti í bá oníbàárà tí ó ti sanra sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò wọlé. Nígbà náà ni ó mú ṣọ́ọ̀kì búlúù, ó fa ìlà sí ibi tí ẹnu náà ìbá wà, kí ó lè fi han ẹni tí ó tà á, kí ó sì gba pààrọ̀. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn. Ó fi ráàmù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ wọn aṣọ fún un.

Wàyí o, òfin kan wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Ìyá náà ni ó sì fi lélẹ̀ pé ohunkóhun tí ó bá wà lórí tábìlì ìgéṣọ, tí ìlà ṣọ́ọ̀kì sì wà lára rẹ̀, gígé ni kí á gé e, a kì í béèrè. Láti ọgbọ̀n ọdún ni ọmọ ti ń fa ìlà, tí ìyá sì ń gé e bí ó bá jí lójú oorun ọ̀sán.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá Aránṣọ tó padà sídìí tábìlì. Kò wọ awò ojú rẹ̀. Ó kàn ní kí òun tún ráàmù náà tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wọlé.

“Mo mọ̀!” ni ó kígbe. “Ìtìjú ló ń ṣe é láàárọ̀!”

Nígbà tí aago mẹ́rin lù ní Sátidé, gbogbo ilé péjọ: ìyá, onígbàjámọ̀ pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ kan, àti atúnkọ̀ǹpútàṣe òdìkejì òpópónà, tí àdúgbò ń pè ní Dókítà Ẹ̀rọ, ẹni tí wọ́n fi ṣe adájọ́. Ọ̀gá Aránṣọ tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí fìrì. Iná pupa tàn nínú àpótí. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, igbe kan sì jáde: píín, píín, píín.

“Ẹ gbọ́,” ni onígbàjámọ̀ wí, “ó ń pe dígí mi.”

Dókítà Ẹ̀rọ tú àpótí, ó yọ ráàmù, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. “Ẹnìkan ti fi irin gé nǹkan yìí,” ni ó wí.

Ọ̀gá Aránṣọ fò dìde. “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà! Àbúrò mi, ta ló ní abẹ nínú ilé yìí? Ta ló ń wá yàrá?”

“Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó bó ṣe gún régé. Ká ní èmi ni mo gé e, ṣé kò ní wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni? Ẹ bi oníbàárà mi.”

Oníbàárà náà fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀ lápá òsì, ó sì mí kanlẹ̀. “Òótọ́ ló sọ o,” ni ó wí.

“N kò gbà! Lónìí yìí, lójú gbogbo èèyàn, a ó dárúkọ oníṣẹ́ibi náà!”

Ìyá wọn pòṣé. Ó fa fáìlì kékeré tí ó fi ń pọ́n àlùmọ́gàjí yọ láti inú àpò. “Èwo ni ariwo? Èmi ni mo gé e. Àlùmọ́gàjí kò wọ̀ ọ́, ni mo bá fi èyí ha á.”

“Ìyá! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Kí ló dé bí ti báwo? Ṣé kò sí lórí tábìlì ni? Ṣé kò sí ìlà lára rẹ̀ ni? Mo tún fi ààyè ojú rírán sílẹ̀ fún ọ níbẹ̀!”

Dókítà Ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí ráàmù. Eruku búlúù fò sókè. Kò sí ẹni tí ó wo onígbàjámọ̀ mọ́. Ìka Ọ̀gá Aránṣọ, tí àwọ̀ búlúù kì í kúrò lára rẹ̀, ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Onígbàjámọ̀ rọra jáde. Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ bí ó ti ń wọ́ dígí bọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ìyá dìde dúró, ó tún ìró rẹ̀ ró. “Ẹ̀yin ará ilé, ọmọ mi ní dandan ni ká dárúkọ. Ẹni tó fa ìlà ló gé aṣọ; bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀gá Aránṣọ, àkọ́bí mi, ìwọ ni!”