Ẹni Tó Ń Pín Ẹ̀fọ́ Wa

Mi ò na ìyàwó mi. Mi ò bú u. Mi ò mú obìnrin kankan wọlé lé e lórí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan tí a jẹun ọ̀sán tán, ó fọ abọ́, ó nu ọwọ́, ó ní ó rẹ òun, òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun fúngbà díẹ̀. Mo bi í pé kí ló rẹ̀ ẹ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn, ó sì wọ yàrá lọ di ẹrù. Látọjọ́ náà ni orí mi ti dàrú. Ọ̀rọ̀ tó bá ti nídìí, èèyàn á mọ ibi tí yóò ti máa bẹ̀bẹ̀. Èyí tí kò nídìí ńkọ́? Mo fẹ́ kó padà wálé. Mi ò kàn mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì lé lórí ni.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ní àga méjì, díńgí ńlá kan tó ti sán létí, àti bẹ́ǹṣì kan táwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe máa ń jókòó lé, tí wọ́n á máa dá sí ọ̀rọ̀ ilé mi. Ọ̀kan ní kí n ra aṣọ lọ fi bẹ̀ ẹ́. Òmíràn ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn wálé. Èyí tó sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó méjì ló ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo gé irun rẹ̀ tán, mo ní kó dìde kúrò lórí àga mi.

Ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi ni agbọ̀n ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn àdúgbò wa, obìnrin kan wà tó ń dáko, Ìyá Olóko ni gbogbo wa ń pè é. Kó tó gbin nǹkan rárá làwọn ará àdúgbò ti máa ń dáwó fún un. Tí ọ̀gbìn bá wá ń so, kálukú á máa lọ gba ìpín tirẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, ohunkóhun tí ilẹ̀ bá mú wá lásìkò náà. Bí tòmátì bá pọ̀, gbogbo wa la ó jọ jẹ tòmátì. Bí kòkòrò bá jẹ kábéèjì, gbogbo wa la ó jọ wà láìsí kábéèjì. Ìyàwó mi ló máa ń lọ gba tiwa. Nígbà tó lọ tán, mo rò ó pé tí mo bá ń lọ síbẹ̀, bóyá màá bá a pàdé.

Orí máa ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ Sátidé, nítorí náà ọ̀sán ni mo tó ráyè lọ. Wọ́n to agbọ̀n sórí pákó lábẹ́ páànù, wọ́n so àkísà aláràbarà mọ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí kálukú lè mọ tirẹ̀. Àkísà tiwa jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, wọ́n sì ta á ní kókó méjì. Mo wo inú agbọ̀n, mo tún wo ti aládùúgbò kan. Tirẹ̀ kún dẹ́nu. Tèmi ò ju ìdajì lọ. Tòmátì wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀bẹ la kábéèjì mi sí méjì gérégé, wọ́n sì ti gbé apá kan lọ. Inú bí mi. Mo bi Ìyá Olóko pé ta ló fọwọ́ kan ẹrù mi. Ó ní ẹni tó ni ín ló mú un, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn. Èmi kọ́ ni mo ni ín ni?

Bó ṣe rí nìyẹn ní Sátidé kejì, bó ṣe rí nìyẹn ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú jù ni irú olè tó ń ṣe é. Gbogbo ará ibẹ̀ ń gbé ilá lọ sílé, ẹyọ kan kì í sí nínú tèmi. Èmi kì í sì í jẹ ilá, bó ṣe ń yọ̀ yẹn kì í bá ọ̀fun mi lára mu. Àwọn yòókù ń gbé elégédé, ti inú agbọ̀n tèmi ti lọ. Elégédé náà, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó ń dùn jù. Ṣùgbọ́n tòmátì tó pọ́n dáadáa, tí mo fẹ́ràn, òun ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún mi. Olè wo ló ń jalè tó ń wo ẹnu onílé? Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú àwọn ará bẹ́ǹṣì ní eku ni. Mo bi í pé eku wo ló ń lo ọ̀bẹ.

Kí n má parọ́, ibẹ̀ ti ń wọ̀ mí lára. Èèyàn ò lè gba agbọ̀n kó kàn máa lọ. Wọ́n á kí ẹ, wọ́n á bi ẹ́ bí o ṣe se ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà tútù tòun tèèpo, kó má rọ̀ jù. Mo gé irun àwọn ọmọ kan lábẹ́ igi níbẹ̀, ìyá wọn fi kùkúńbà dá mi lọ́lá. Mo wá ń dáná fúnra mi, ó sì ń dùn. Ẹyọ abọ́ kan tí mò ń gbé kalẹ̀ ni kò dùn.

Nígbà tó yá, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, lónìí ni màá mú olè yìí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé, káwọn onírun lọ gbé irun wọn síbi tó wù wọ́n. Ìrì ò tíì gbẹ lórí koríko tí mo fi dé oko. Agbọ̀n mi kún bámú. Ilá wà níbẹ̀, elégédé wà níbẹ̀, kókó kan péré ló wà lára àkísà. Mo ní kí n gbé e, Tíṣà sì bi mí pé ṣé mi ò ní pín in ni.

Mo ní kí n pín in fún ta ni.

Tíṣà ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Bí ẹni méjì bá ni agbọ̀n kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń pín in. Á mú ìdajì, á fi ìdajì sílẹ̀ fún ẹnìkejì, á wá ta kókó kejì sára àkísà kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé wọ́n ti pín in. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀ àfi èmi.

"Ìyàwó yín ló ń pín in," ó ní. "Àárọ̀ ló máa ń wá. A rò pé ẹ jọ ṣe àdéhùn ẹ̀ ni."

Mo jókòó sórí pákó. Obìnrin tó ní ó rẹ òun lọ́dọ̀ mi ló ń ṣa tòmátì tó pọ́n sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Mo kàn mọ̀ pé lónìí, èmi ni màá pín in. Mo yá ẹní kan níbẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo da agbọ̀n sórí ẹ̀. Tòmátì àti ata, mo kó wọn sápá tèmi. Ilá tó ń mú láti ọjọ́ yìí wá, mo kó gbogbo ẹ̀ sápá tirẹ̀, mo gbé elégédé tì í. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó bá ní mi ò mọ ìyàwó mi, kó wá wò ó.

Ó dé, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó wá rí ẹní náà.

"Èmi náà kì í jẹ ilá," ó ní.

Mo rò pé eré ni. Mo ní ṣebí òun ló ń mú un.

"Mò ń mú un kó má bàa wà níwájú yín ni. Aládùúgbò àbúrò mi ni mò ń kó o fún."

Mo ní elégédé ńkọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń dùn jù."

Mo wo ẹní náà síwá sẹ́yìn. Gbogbo ọdún tí a ti jọ ń jẹun, kò sí ẹyọ ẹ̀fọ́ kan níbẹ̀ tí mo lè nawọ́ sí pé tirẹ̀ nìyí. Ojú tì mí. Mo bi í pé, "Kí wá ni ìwọ fẹ́ràn?"

Ó mú kárọ́ọ̀tì kan, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú kùkúńbà, ó gbé e sílẹ̀. Mo rò pé ó ń bínú ni, àfi ìgbà tí mo rí ojú ẹ̀, tí mo rí i pé orí òun náà ti dàrú bíi tèmi.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Látìgbà tí mo ti ń dáná nílé yín, ẹnu yín ni mo fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò."

Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn wa ń ṣe bí ẹni ń wo kábéèjì. Mo kó gbogbo ohun tí mo ti pín padà sí àárín ẹní, mo ní kó kọ́kọ́ mú. Ó lóṣòó. Ó mú ẹ̀wà tútù kan, ó fi eyín gé e ní tútù bẹ́ẹ̀, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó tọ́ ewé kan wò, ó tutọ́ ẹ̀ dànù, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó wo obìnrin yìí kẹ́yìn níbi tó ti ń jẹ nǹkan.

Ìgbà tó máa dìde, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló mú nínú gbogbo ẹ̀, títí kan ilá, ó rọra kó wọn sí báàgì. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo bi í pé ṣé yóò wálé.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀nyí ná," ó ní, ó sì ń lọ.