Káàdì Tó Ń Dákẹ́ Bí Wọ́n Bá Yí Iná

Ó tún ti dákẹ́. Káàdì Bluetooth tó wà lára òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn rọ́bà nísàlẹ̀, tó ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà... mo ń wò ó láti orí kọ̀ǹpútà mi lókè níbí, kò fèsì mọ́. Bí a bá sì ti kí Jímọ̀ tán lónìí, Ọ̀gá Àbáyọ̀mí máa pe Àǹtí Àdìzát tó ń bá wa ra nǹkan wọlé, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n máa fi dá a dúró, èmi Hafeez ni mo kọ ọ́. Mo ní ayédèrú ni káàdì tó rà fún ilé iṣẹ́.

Ṣé ayédèrú ni lóòótọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Àbí kí ló tún lè jẹ́?

Ṣùgbọ́n — èyí tó wà lórí tábìlì mi, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá. Láti ọjọ́ Ajé, kò dákẹ́ rí. Dírẹ́bà kan náà, ìyẹn ètò tí mo kọ sínú Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, láti máa bá káàdì sọ̀rọ̀, òun náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀. Kí ló wá yàtọ̀? Ìsàlẹ̀ ń gbóná... eruku rọ́bà wà níbẹ̀... rárá, mo ti ro ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló kọ́kọ́ dákẹ́ lónìí. Lẹ́yìn náà, aago mọ́kànlá ku ogún. Ìgbà wo lèyí bọ́ sí? Aago mọ́kànlá ku ogún, mo ń mu tíì, Ìsmáílà ń lu irin...

Irin. Ìsmáílà kì í lu irin lásán. Tó bá fẹ́ yí iná sí jẹnẹrétọ̀ ló ń lù ú, kí gbogbo ará ìsàlẹ̀ lè yọ wáyà wọn lára ògiri kí iná má baà jó nǹkan. Wọ́n á yọ wáyà òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Káàdì á kú. Kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ kò ní kú, ó ní bátìrì tiẹ̀. Ínfátà, ẹ̀rọ oníbátìrì tí iná rẹ̀ kì í já, ló sì ń gbé iná wá fún èmi lókè, mi ò yọ wáyà rí.

“Àbúrò, tí wọ́n bá ti yí iná ló máa ń dákẹ́.” Àǹtí Àdìzát ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní káàdì ò mọ iná ìjọba yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ẹ̀rín yẹn, Ọlọ́run ń gbọ́.

Ó dáa. Jẹ́ kí n yọ wáyà káàdì tèmi. Kí n tún fi í pa dà sára ògiri.

Ó dákẹ́.

Ibo nínú dírẹ́bà ni mo kọ ọ̀rọ̀ jíjí rẹ̀ sí... òun nìyí. Bí káàdì bá ti jí, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí kì í rántí nǹkan kan. Èmi wá kọ ọ́ pé tó bá ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kó má kọ́ ọ mọ́. Kó lè yá ni mo ṣe ṣe é. Mo tiẹ̀ fi yangàn. Káàdì jí, kò mọ nǹkan kan, dírẹ́bà ń búra pé òun ti kọ́ ọ.

Mo pa ìlà yẹn rẹ́. Mo yọ wáyà. Mo fi í pa dà sára ògiri... ó fèsì. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ó fèsì. Alhamdulillahi. Alhamdulillahi.

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi pe àgbà ní wèrè, mo tún buwọ́ lù ú.

Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá, màá lọ gbà á pa dà kí a tó lọ kí Jímọ̀. Wọ́n lè bínú sí mi. Ó yẹ kẹ́rù bà mí — kí ló dé tí ara mi fúyẹ́ báyìí? Mo rò pé torí mo rí àṣìṣe náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ìwé yẹn, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà jáde kí n má baà pàdé obìnrin yẹn. Mo ti mọ̀. Inú mi ti mọ̀ pé kò jẹ̀bi, mo kàn fẹ́ kí káàdì ru ẹ̀bi tèmi ni.

Lónìí, ẹnu ọ̀nà iwájú ni màá gbà, níbi tó máa ń jókòó sí.